ÀGBÀ KÌ Í WÀ LỌ́JÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌYÁ ÀTI ỌMỌ ỌWỌ́ NÍNÚ ỌJÀ WA

  

Ẹ̀kọ́ wa tó kọjá dá lórí bí a ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ kó má baà dìjà. Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti owó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Òwe kan wà tí àwọn àgbà fi ọjà pa: Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin kan bá pọnmọ kọjá, tí orí ọmọ náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó bá wà lẹ́yìn á ké sí i pé, "Ìyá ọmọ, orí ọmọ o!" A kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá a mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni pé nǹkan mìíràn wà lára ọmọ tó lè wọ́, tí ojú kì í tètè rí. Nǹkan náà ni ọkàn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọkàn ọmọ tó wọ́, ọkàn ìyá rẹ̀ ti wọ́ ná.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ WA

Kí a tó kọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ọmọbìnrin kan wà nígbà kan tó ń ta tòmátì àti ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá Ọmọ la ó máa pè é. Ó bímọ, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tó fi padà sídìí àtẹ, nítorí owó ìsọ̀ ò mọ̀ pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ rẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Inú páálí ló máa ń tẹ́ ẹ sí lábẹ́ àtẹ, ọmọ á dákẹ́, á máa wo òkè. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Kì í sunkún, kì í rẹ́rìn-ín. Bí a bá pàtẹ́wọ́ sí i, ṣe ló máa gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa wá ń yìn ín pé, "Ọmọ dáadáa nìyí o, kì í yọnu bíi tàwọn tó kù."

Ìyá rẹ̀ ni a ò yìn. Ó ń pẹ́ dé. Ata ń jẹrà lórí àtẹ rẹ̀, kò ní ṣà á kúrò. Oníbàárà á béèrè èló ni, á máa wo onítọ̀hún bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn lohùn náà ti ń bọ̀. A ní ọ̀lẹ ni. A ní kò mọ ọmọ tọ́. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ sọ ọ́ sí i létí pé, "Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ bímọ láyé." Nígbà tó jẹ owó ẹgbẹ́ oṣù méjì, a ránṣẹ́ sí i. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, kò wá mọ́. Àtẹ rẹ̀ ṣófo.

Ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tó pàdé rẹ̀ ní Ìyànà-Ìsọlọ̀. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ọmọ náà sì ti ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan tó wọn ọmọ náà ló rí i pé kò tẹ̀wọ̀n tó, ló bá ní kí ìyá rẹ̀ jókòó, ló bẹ̀rẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Ọmọ wá sọ fún ẹni wa pé, "Mà, mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin ìyá tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè bóyá mò ń rí oorun sùn. Owó ẹgbẹ́ lẹ bi mí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, ó ṣì ń dùn wá. Gbogbo wa la wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Orí ọmọ sì wọ́.

ỌMỌ ỌWỌ́ MỌ OJÚ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọmọ ọwọ́ ò mọ nǹkan kan, pé kó ṣáà ti mu ọmú, kó sùn, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Tronick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Wọ́n ní kí ìyá bá ọmọ rẹ̀ ṣeré bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó máa wo ọmọ ṣùgbọ́n kó má rẹ́rìn-ín, kó má sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ kàn le gbagidi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ni ọmọ ṣe? Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Kò rí èsì. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tí kò rí èsì síbẹ̀, ó gbé ojú kúrò, ara rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nìyẹn o.

Ẹ wá rántí ọmọ inú páálí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó dákẹ́ ni ara rọ̀. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, onísùúrù ni, àmọ́ bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn tí ẹ rẹ́rìn-ín sí i, á dá yín lóhùn. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni ọmọ tó dákẹ́ nítorí pé ó ti pè títí, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la yìn lọ́mọ dáadáa.

Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí má kó ẹ̀rù bá ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè. Tronick kan náà rí i pé ìyá àti ọmọ tí ara wọn le, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ń ṣi ara wọn mú léraléra nínú ọjọ́ kan. Ọmọ fẹ́ eré, ìyá rò pé oorun ni. Ìyá ń ka ṣéńjì, ọmọ ń pè é. Ìyẹn kì í ba ọmọ jẹ́. Ohun tó ń gbé ọmọ ró ni pé ìyá padà wá: "Mo gbọ́ o, olówó orí mi, mò ń bọ̀." Àtúnṣe yẹn ni oúnjẹ ọkàn ọmọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Láàárín 1954 sí 1955, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth lọ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala lórílẹ̀-èdè Uganda. Ó ń ya ilé ìdílé 26 láti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ọwọ́ wọn. Àwọn ìyá náà ń ṣiṣẹ́ oko, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń tajà. Ó rí i pé bí ẹlòmíràn bá ń bá ìyá gbé ọmọ, ìyẹn nìkan ò ba ọkàn ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé bí o bá bi wọ́n léèrè nípa ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ á pọ̀ lẹ́nu wọn: ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń sunkún ebi àti bó ṣe ń sunkún oorun. Àwọn ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn sábà máa ń balẹ̀ jù. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

ỌKÀN ÌYÁ

Àwa Yorùbá mọ àbísínwín. Bí obìnrin bá bímọ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ kántankàntan, tí kò sùn, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti sọ fún pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí kì í pariwo. Obìnrin ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń wá sọ́jà, ó sì ti kú sínú. Nǹkan kan ò dùn mọ́ ọn nínú. Ọmọ sùn, òun ò sùn. Ó ń rò pé òun ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè ní ìyá. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Lọ́jà wa, a ò ní orúkọ kan fún un, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ọ̀lẹ.

Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ní Iléṣà níbí, Dókítà Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìyá 876 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ìwádìí náà jáde ní 2005. Nínú 100 ìyá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì yìí. Ìyẹn ni pé nínú abiyamọ méje, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ ka àwọn abiyamọ tó wà ní ìlà tiyín. Ó máa ń pọ̀ jù lára ẹni tí kò ní ọkọ nílé, ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn nígbà oyún àti ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbé ọmọ jáde.

Ní 2008, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé òmíràn jáde. Wọ́n wọn àwọn ọmọ. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta àti nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní ìrẹ̀wẹ̀sì kò tẹ̀wọ̀n, wọn ò sì ga, tó ọmọ àwọn ìyá tí ara wọn le. Ìgbẹ́ gbuuru tún ń ṣe wọ́n jù. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn lásán? Ó ń dé orí òṣùwọ̀n.

Ìgbésí ayé ọjà náà ń dá kún un. Ní January 2016 tí ìjọba wó ọjà Owónífáàrí, tí wọ́n ní kí a máa lọ sí Ìṣọpakodowó ní Bọ̀ládé, ọ̀pọ̀ wa ló pàdánù ibi tó ń tà àti oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wúwo lórí ẹni tó lágbára, ká má tíì sọ ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ á wá jókòó tì í: á wẹ ọmọ, á se omi gbígbóná, á kì ọmọ ní oríkì. Lónìí, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ń gbé, ìyá wà nílé lọ́ọ̀ọ́kán, owó ọkọ̀ sì ti gbówó lórí. Ta ló kù tó lè jókòó tì í? Àwa tí ìsọ̀ wa jọ kángun sí ara wa ni.

ÀWỌN OBÌNRIN KHAYELITSHA

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé àwa la fẹ́ di dókítà ni?" Rárá o. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Àdúgbò kan wà lẹ́bàá ìlú Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Khayelitsha. Òtòṣì ló pọ̀ níbẹ̀, páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn. Àwọn oníwádìí kan, Peter Cooper, Mark Tomlinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gba aboyún 449 sínú iṣẹ́ kan níbẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń gba ìtọ́jú tí gbogbo èèyàn ń gbà. Apá kejì ní ẹni tó ń wá wò wọ́n nílé. Ta ni ẹni náà? Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Obìnrin àdúgbò ni, tóun náà ti bímọ, tí wọ́n kọ́ ní bí a ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ àti bí a ṣe ń fi ọmọ han ìyá rẹ̀.

Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì kí ìyá tó bímọ. Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún oṣù méjì sí i. Ó parí.

Èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn ìyá tí wọ́n ń bẹ̀ wò ń fi ara balẹ̀ dá ọmọ wọn lóhùn ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ pé oṣù méjìdínlógún, nínú 100 ọmọ tí wọ́n ń bẹ ìyá wọn wò, 74 ni ọkàn wọn balẹ̀ mọ́ ìyá wọn. Ní apá kejì, 63 ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu, etí tó gbọ́ àti ẹsẹ̀ tó rìn ló fa ìyàtọ̀ yẹn, kì í ṣe oògùn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo tó kù. Iye àwọn ìyá tí dókítà lè sọ pé wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ìyẹn fi hàn pé ibì kan wà tí iṣẹ́ aládùúgbò ń parí sí, tí iṣẹ́ oníṣègùn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ààlà yìí ló mọṣẹ́.

IṢẸ́ TÍ A FẸ́ KỌ́

Ohun tí a ń dábàá fún ẹgbẹ́ ni pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà yan obìnrin méjì tí ẹnu wọn kì í ṣí àṣírí, tí wọ́n sì ní sùúrù. Ọ̀nà iṣẹ́ wọn nìyí.

1. Kọ́kọ́ wò. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ abiyamọ, má tíì gbani nímọ̀ràn. Jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé ọmọ ń wá ojú ìyá? Ṣé ìyá ń wo ọmọ? Bí ọmọ bá sunkún, kí ní ń ṣẹlẹ̀? Ìyá nìkan kọ́ lò ń wò, ọmọ nìkan sì kọ́. Ohun tó ń lọ láàárín àwọn méjèèjì lò ń wò.

2. Béèrè ìyá kí o tó béèrè ọmọ. Bí obìnrin bá ti bímọ, gbogbo ayé ní ń béèrè ọmọ. Ìwọ bi í pé: "Ṣé o rí oorun sùn? Kí lo jẹ lónìí? Ta ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ nílé?" Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Bó bá sunkún, má sáré ní kó má sunkún mọ́. Jẹ́ kó sun ún.

3. Jẹ́ kó sọ ọmọ rẹ̀ fún ẹ. Ibí la ti ń padà sí ọ̀rọ̀ Uganda. Sọ pé, "Sọ irú ọmọ tí eléyìí jẹ́ fún mi." Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, dúpẹ́. Bó bá ní, "Kí ni n ó sọ? Ọmọ ṣáà ni," má bá a wí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ jọ máa wo ọmọ náà pa pọ̀ títí á fi rí nǹkan kan sọ.

4. Fi ọmọ han ìyá rẹ̀, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe àwa àgbà nìyí. Ọmọ ń sunkún, a já a gbà, ọmọ dákẹ́, a ní, "Ṣé o rí i?" A rò pé a ti ràn án lọ́wọ́, àṣé ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ò fẹ́ òun. Jẹ́ kí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sọ pé, "Wò ó, bí o ṣe sọ̀rọ̀ báyìí, ó yíjú sí ẹ. Ohùn rẹ ló mọ̀." Ọ̀rọ̀ kan yìí lè gbé obìnrin dìde.

5. Gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ò tó. Bá a dúró ti àtẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó fọ́mọ lọ́mú ní ìrọ̀rùn. Bó bá jẹ owó ẹgbẹ́, olórí ìlà ni kí o bá sọ ọ́, má sọ ọ́ ní gbangba ọjà.

6. Pa àṣírí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó finú hàn ẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, kò ní finú han ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí a kì í pa mọ́ ni ewu sí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ẹ̀mí ọmọ.

7. Ẹni tó ń ran ìyá lọ́wọ́, kó ní ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí wúwo. Òmíràn nínú wa á gbọ́ ẹkún ọmọ ẹlòmíràn, á rántí ọmọ tirẹ̀ tó kú. Òmíràn á máa bínú sí ìyá náà, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn tí a yàn máa jókòó pa pọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí àti bó ṣe rí lára wọn. Àwọn ti Khayelitsha náà ní ẹni tó mọṣẹ́ ju wọ́n lọ tí wọ́n ń padà bá. Àwa náà lè bẹ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa kó máa bá wa jókòó. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ráìsì àti móínmóín ò lè sọ èèyàn di ẹni tó mọ etí í tẹ́.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ FI DỌ̀LA

Bí ìyá bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé òun fẹ́ pa ọmọ lára, tàbí tó ń gbọ́ ohùn, tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ra mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á nínú mọ́tò tí ẹ fi ń gbé e lọ.

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, tí kì í wo ojú, tí kì í yíjú sí ohùn. Tí ara rẹ̀ rọ̀ jù tàbí tó le jù. Tí kò tẹ̀wọ̀n. Tàbí tí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò ṣe é mọ́, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ojú, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ má ṣe dá ìyá lẹ́bi kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́.

Ibo la máa lọ? Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbogbogbò wà ní Ìsọlọ̀, ibi ìtọ́jú ìyá àti ọmọ sì wà níbẹ̀. Ní Òṣòdì níbí, ẹ̀ka ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. A mọ̀ pé bí ẹnì kan bá dárúkọ Yábàá lọ́jà, ẹ̀rín la máa ń fi rín. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀. Àwa tó ń rẹ́rìn-ín yẹn la ò jẹ́ kí ẹni tó nílò rẹ̀ lè lọ.

OHUN TÍ ÌYÁ LÈ ṢE NÍDÌÍ ÀTẸ

Ẹ̀yin abiyamọ, a ò ní kí ẹ fi ọjà sílẹ̀. Nínú ọjà náà ni kí ẹ ti ṣe é.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ ohùn yín, ó ń gbọ́ ooru ara yín, ó dáa. Ṣùgbọ́n kò rí ojú yín. Bí oníbàárà bá ti lọ, ẹ tú ọ̀já, ẹ gbé e wá síwájú, ẹ jẹ́ kó rí yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ní "àà," ẹ̀yin náà ẹ ní "àà," kí ẹ dúró kó tún dá yín lóhùn. Ẹ máa ka owó sí i létí, ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un. Ẹ kì í ní oríkì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀. Agolo tó ṣófo tí ẹnu rẹ̀ ò mú, ike tó mọ́, ìkòkò kékeré: ohun ìṣeré ni gbogbo wọn.

Ẹ má fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn mìíràn torí kó lè sùn kí ẹ ráyè tajà. Ó lè pa á. Ẹ má sì fi fóònù ṣe alágbàtọ́ ọmọ. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò àwòrán fóònù tàbí ti tẹlifíṣọ̀n rárá. Fóònù ò lè rẹ́rìn-ín padà sí i nígbà tó bá rẹ́rìn-ín.

Bí ọkàn yín bá sì ṣókùnkùn, tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan. Ẹ má wò ó pé wọ́n á pè yín ní ọ̀lẹ. Àwa tí a pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ nígbà kan ló ń kọ èyí sí yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ÌLÀ

1. Ta ni abiyamọ tó wà ní ìlà wa báyìí? Nígbà wo la bi í léèrè kẹ́yìn bó ṣe ń sùn?
2. Ọ̀rọ̀ wo ni àwọn àgbà sọ sí wa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó gbé wa ró? Èwo ló gún wa lọ́kàn?
3. Ṣé ẹgbẹ́ lè dín owó ẹgbẹ́ kù fún abiyamọ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí kí a dá a dúró ná?
4. Àwọn méjì wo ni ìlà wa máa yàn?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé. Ìyá Ọmọ ti ń tajà níbòmíràn báyìí, a ò lè dá ọjọ́ yẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á gbé páálí rẹ̀ wá sábẹ́ àtẹ kan lọ́la, ẹ̀yin náà á sì wà lọ́jà.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. A ò ní fi ọwọ́ gbé wọn sin. Ọjà á tà o.